Àtẹ́lẹwọ́ Ọlọ́wọ́ Iwájú

Èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Gìrìpá ni, torí pé òun ni apá rẹ̀ tóbi tó itan ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi: èmi ni. Ẹnu ni mo ti bá a, eyín méjì sì jáde. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí, inú sì tún ń bí mi, mi ò sì lè sọ pé ẹni báyìí ni mo ń bínú sí.

Irin la máa ń yọ́ níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀yà ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, páìpù tó ti dípẹtà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹ̀ là ń dà sínú ìléru. Tó bá yọ́ tán, a ó gbé e nínú ìkòkò lọ síbi àwọn àpótí yanrìn, a ó dà á sínú wọn kó lè di ohun mìíràn. Ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé ìkòkò náà. Ọ̀pá irin gígùn méjì ló gbá a mú lọ́tùn-ún lósì; ẹni méjì á di ọ̀pá mú níwájú, ẹni méjì lẹ́yìn. Èmi wà níwájú lápá òsì, Jẹ́ẹ́jẹ́ wà níwájú lápá ọ̀tún. Gìrìpá wà lẹ́yìn mi, ọkọ àbúrò mi obìnrin sì wà lẹ́yìn Jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìnagijẹ ni Jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà kì í kánjú rárá. Omi tútù pàápàá, á fẹ́ ẹ kó tó mu ún. Tó bá fẹ́ wọ bàtà, á gbọn ẹsẹ̀ kìíní lẹ́ẹ̀mẹta, á gbọn ìkejì lẹ́ẹ̀mẹta, àwa á sì dúró títí ara á fi máa yún wa. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ lápá kejì ìkòkò. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń gbé e.

Òfin iṣẹ́ wa ò pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀. Bí iná bá ta sí ọ lára, bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ́, bí èéfín bá wọ̀ ọ́ lójú, pariwo "Ilẹ̀!" Gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀, a ó gbé e kalẹ̀ pa pọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bú ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ láìpariwo, ó ti fi ẹni mẹ́ta ra ara tirẹ̀ padà. Àwọn mẹ́ta yẹn á lù ú títí kò fi ní lè gbé apá sókè, á sì kúrò nídìí iṣẹ́ yìí títí ayé. Ẹ má bi mí bóyá òfin náà dáa. Ẹ lọ gbé ìkòkò yẹn lẹ́ẹ̀kan ná, kí ẹ tó wá bi mí.

Láràárọ̀, kí iná tó gbóná, a máa ń yẹ ọwọ́ wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á bọ́ ìbọ̀wọ́, á ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bó, tàbí tó ní egbò, á lọ máa jọ yanrìn títí yóò fi san. Ẹni tó wà níwájú lápá òsì là ń pè ní ọlọ́wọ́ iwájú; òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, èmi sì ni. Ta ló wá ń yẹ tèmi wò? Kò sẹ́ni. Kò tíì sẹ́ni tó rò ó rí pé ó yẹ kí ẹnì kan yẹ tèmi wò.

Eéwo ló yọ sí mi láàárín àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kìíní ó dà bí ẹ̀gún. Lọ́jọ́ kẹta ó ti wú tó ẹ̀kùrọ́, mi ò sì lè di ṣíbí mú. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó pa òwe yẹn ò sọ ohun tí ọwọ́ tó ní eéwo máa ṣe. Mo fi aṣọ wé e, mo ki ìbọ̀wọ́ bọ̀ ọ́, mo sì ń yẹ ọwọ́ ọlọ́wọ́ wò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mo mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní í tan yín. Ẹni tó bá kúrò níwájú kì í padà síbẹ̀. Ọlọ́wọ́ iwájú tó wà kí n tó débẹ̀, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló dá a dúró sílé. Nígbà tó dé, ọwọ́ mi ló bá lórí ọ̀pá. Ó wò mí, mo wo òkè àjà. Yanrìn ló ń jọ títí tó fi dàgbà kúrò níbẹ̀. Gìrìpá sì wà lẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń mí sí mi lọ́rùn bí akọ màlúù. Ṣé èmi ni kí n ṣí ọwọ́ mi fún un pé ó yá, wá gba ipò mi?

Ìgbà kẹta tí a gbé e lọ́jọ́ kẹrin ló ṣẹlẹ̀. Ìkòkò náà kún. Irin inú rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò lè tẹjú mọ́ ọn. A ti rìn dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí eéwo náà bẹ́. Ìrora náà gba inú apá mi lọ sí abíyá, orí mi fò lọ, ọwọ́ mi sì ṣí.

Kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ. Mo lè pariwo "Ilẹ̀!" Ẹnu mi ò dùn mí, ọwọ́ ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá pariwo, wọ́n á ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí àwọn ẹni mẹ́ta tó wà nídìí ìkòkò pẹ̀lú mi. Mo tún ọ̀pá náà gbá mú, mo fi gbogbo agbára mi já a sókè. Ìkòkò tó ń fì bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó fì lọ sápá kejì, irin sì dà.

Inú bàtà ọkọ àbúrò mi ló dà sí. Mo ti gbọ́ igbe ẹranko tí wọ́n ń pa, mo ti gbọ́ igbe aboyún, mi ò tíì gbọ́ irú igbe yẹn rí. Àwa mẹ́ta gbé ìkòkò kalẹ̀, a ò mọ bí a ṣe gbé e. Bàtà náà ò ṣeé bọ́. Ìyá Oníléru, ìyá àgbàlagbà tó ni iléeṣẹ́ náà, sáré wá pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó gé bàtà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tó sì bá bàtà jáde kì í ṣe bàtà nìkan. Òórùn náà wọ aṣọ wa. Ìyàwó mi fọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, nígbẹ̀yìn ó sun ún.

Bí ọkọ̀ ṣe gbé e lọ sílé ìwòsàn, Gìrìpá yíjú sí wa. Ó ń sunkún.

"Ta ló jù ú sílẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ò nílò ìdáhùn lọ́dọ̀ àwa tó ń yọ́ irin. Ẹ̀gbẹ́ tí irin bá dà sí, ibẹ̀ ni ẹlẹ́bi wà. Gbogbo iléeṣẹ́ tó wà ní òpópónà yẹn ló gba èyí gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà pé iná ń jóni. Kò tíì sẹ́ni tó rí ẹni tó jù ú sílẹ̀ tó tún gbá a mú. Apá ọ̀tún ni irin náà dà sí, ẹni méjì ló sì wà lápá ọ̀tún. Ọ̀kan ti wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jóná. Ó ku Jẹ́ẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n Jẹ́ẹ́jẹ́ ò wo Gìrìpá. Èmi ló ń wò. Ó ti mọ̀ ọ́n lára, ó ti mọ ibi tí ìwúwo náà ti kọ́kọ́ lọ. Ó la ẹnu. Bó ṣe máa ń ṣe, kò kánjú. Ó ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n…"

Mo gbá a lẹ́nu kó tó parí rẹ̀.

Mo ní, "O jù ú sílẹ̀! Ẹsẹ̀ ọkọ àbúrò mi!" Mo tún gbá a. Bí mo ṣe ń lù ú ni mo ń gbà á gbọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yìí dáadáa, torí pé ó ń bà mí lẹ́rù títí dòní: nígbà tó fi máa tó ìgbà kẹrin, inú ń bí mi sí i tọkàntọkàn. Gìrìpá fi orúnkún gbá a níkùn, ó ṣubú. A ń tàpá sí i lẹ́yìn, a ń tàpá sí i níhà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, bóyá láti bẹ̀ mí, bóyá láti tọ́ka sí mi. Mo fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, mo yí gìgísẹ̀ náà, mo sì gbọ́ bí àwọn egungun kéékèèké ṣe ń dún. Ìyá Oníléru ò dá wa dúró. Òfin ni. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo iná.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọkọ àbúrò mi kúrò lókè ọrùn ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún gan-an, ó fún un.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lù ú."

Omi bọ́ lójú mi. Ó rò pé àánú ló ń ṣe mí. Ìrora ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Ìyá Oníléru ní kí n wá gba ìbọ̀wọ́ tuntun. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Mú ọwọ́ kejì wá."

Mo mú un wá. Ó tú aṣọ tí mo fi wé e, ó wò ó, ó tún un dì. Ó jókòó.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ márùn-ún lónìí, Ìyá."

Ó ní, "Gbọ́ mi. Ilé mẹ́rìnlá ló ń jẹun láti ibí yìí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń yẹ ọwọ́ wò ló fi tiẹ̀ pamọ́, ta ló tún máa fọkàn tán ẹnì kejì ẹ̀ nídìí ìkòkò? Ìléru yìí á kú. Ẹnì kan ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí ná. Tí ìwọ náà bá tún jẹ ẹ́, ṣé ẹsẹ̀ máa hù ni? Pa ẹnu ẹ mọ́, nítorí gbogbo wa."

Nítorí gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo gbé e dé ilé, mo gbé e sùn, mo fi jẹun àárọ̀. Àwọn ọmọ ilé mẹ́rìnlá ń jẹun lójú mi, àfi bíi pé èmi ni mo ń bọ́ wọn. Ó yẹ kí n ti fura. Ọjọ́ tí ire gbogbo ènìyàn bá bá ire tèmi mu géérégé báyẹn, irọ́ wà níbì kan.

Àmọ́ mi ò fura, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi àti Gìrìpá yà sílé mi. Òòrùn wà lókè. Àbúrò mi mú ọ̀pá irin dání, irú èyí tí a fi ń ru ìléru. Ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Bọ̀dá mi, ó wà nílé. Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, mo rí i lójú fèrèsé. Ó nasẹ̀ méjèèjì, ìyàwó ẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Méjèèjì!" Ó gbé ọ̀pá náà sókè. "Ọ̀kan ló gbà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ọ̀kan ni màá gbà. Gìrìpá á dì í mú."

Gìrìpá ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. A ò fẹ́ lọ láìsọ fún yín."

Ǹ bá ní kí wọ́n má lọ. Wọ́n á sì bi mí pé kí ló dé. Mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé wọn. A kọjá níwájú àwọn tó ń tún táyà ṣe, a gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, aṣọ tútù gbá mi lójú. Mo ń sọ fún ara mi pé tí a bá débẹ̀, màá pẹ̀tù sí i. Irọ́ ni. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Yàrá kan ṣoṣo ni Jẹ́ẹ́jẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní a ò ní wọlé. Gìrìpá tì í, orí rẹ̀ dún lára ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. Gìrìpá gbá Jẹ́ẹ́jẹ́ mú lọ́rùn ẹsẹ̀, ó wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí, ó sì fi orúnkún tẹ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú Jẹ́ẹ́jẹ́ wú, kò jọ ojú ènìyàn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi gbé ọ̀pá náà sókè. Jẹ́ẹ́jẹ́ tún wò mí, bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Èmi ni."

Ohùn mi ò jáde dáadáa. Ọ̀pá ti ń bọ̀. Mo já lu ẹsẹ̀ Jẹ́ẹ́jẹ́, mo fi ara mi bò ó. Irin náà bà mí níhà, nǹkan kan sì kán nínú mi.

"Èmi ni mo jù ú sílẹ̀! Èmi ni!"

Gìrìpá ní, "Ọ̀gá, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Ẹ dìde níbẹ̀."

Mo fi eyín tú aṣọ ọwọ́ mi. Mo na àtẹ́lẹwọ́ náà sí i lójú. Ihò ló wà láàárín rẹ̀, etí ihò náà ti dúdú, ọyún ṣì ń jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe bẹ́, bí mo ṣe ṣí ọwọ́, bí mo ṣe tún gbá a mú tí ìkòkò fi yí sápá kejì. Ọ̀rọ̀ kì í tètè wọ Gìrìpá létí. Ó ń wo ọwọ́ náà, ó ń wò mí.

"Ẹ yẹ ọwọ́ mi wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ẹ ní èékánná mi ti gùn jù. Ẹ bú mi."

Jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Eyín tí kò sí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó wọ yàrá yìí ni mo sọ ọ́ fún. Wọ́n ní irin kì í parọ́, wọ́n ní ẹni tó ń yẹ ọwọ́ wò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Gìrìpá gbá mi létí, ilé yí po. Ó gbé mi dìde lọ́rùn aṣọ, ó sọ mí mọ́ ògiri, ó tún gbé mi. Ó ń lù mí, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Ẹ fọwọ́ mi lu èèyàn! Ẹ fi ọwọ́ mi lu èèyàn!" Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò jà padà. Mo ń retí kí Jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé ó tó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, mo ti gbára lé e. Nígbà tí mo ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọ́ ara rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó gbé ọwọ́ òsì, ó gbá mi lẹ́nu. Kò lágbára, kò sì lè yọ eyín. Ó tún gbá mi, ó tún gbá mi, títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Gìrìpá gba ọ̀pá irin lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó fi bàtà tẹ kókósẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Má fọ́ ẹsẹ̀ yẹn," àbúrò mi ní.

Mo gbójú sókè. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pé ọmọ ìyá mi ṣì ni. Kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ohun tó fẹ́ rà.

"Òkè kẹta là ń gbé," ó sọ fún Gìrìpá. "Ta lo rò pé ó máa máa gbé ọkọ mi?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọkọ àbúrò mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Mo lọ gbé e. Egungun ìhà mi ò tíì jinná, ojú mi ṣì dúdú. Ìyá Oníléru ti lé mi. Ìléru ò sì kú o, Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń yẹ ọwọ́ wò níbẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì lè gbé ìkòkò, èmi gbọ́ pé tiẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń nà sí wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àbúrò mi gbé igi ìtìlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ṣáájú. Lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ó dúró, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

"Mi ò tíì sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́." Ó gòkè lọ.

Mo gbé ọkọ àbúrò mi pọ̀n. Ó ti fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ìhà mi ń ké. Ó fi apá méjèèjì gbá mi lọ́rùn, ó sì gbé àgbọ̀n lé èjìká mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé," ó sọ sí mi létí. "Wọ́n ní ẹ jà fún mi. Ta ló wá lù yín báyìí? Ṣé àwọn ará ilé Jẹ́ẹ́jẹ́ ni?"

A ti gun òkè kìíní. Mo sọ ọ́ fún un, mi ò dúró, mi ò sì fi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ ọ́ parí. Mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù mí lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lọ́rùn.

Kì í ṣe eré. Apá tó ti gbé ìkòkò fún ọdún márùn-ún ni. Ojú mi ṣú, mo ń gbọ́ omi létí ara mi. Mo lè já ọwọ́ rẹ̀ dànù, àwa méjèèjì á sì jọ yí gbiri dé ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn bíi méjìlá ló kù. Mo di itan rẹ̀ mú, mo sì ń gun òkè lọ.